Ẹ Má Fi Ọ̀bẹ Há Aiptasia: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nípa Àlejò Àìpè Inú Táńkì Iyùn

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan tí kò tíì pẹ́ nídìí iyùn sísìn fi fọ́tò táńkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Aiptasia, ẹranko òkun kékeré tó jọ òdòdó tó sì ń ta, ti hù bo òkúta rẹ̀ bí koríko ẹ̀yìn òjò. Mo bi í pé kí ló ṣe nígbà tó kọ́kọ́ rí ẹyọ kan. Ó ní òun fi ọ̀bẹ há a dànù ni. Inú bí mi débi pé n kò lè dá a lóhùn títí ilẹ̀ fi ṣú. Owó tó ná sórí iyùn kò kéré, àṣìṣe tó sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ jẹ́ kí n to àwọn tí mo ń rí lemọ́lemọ́ sílẹ̀.

1. Aiptasia híhá.

Ẹ ti mọ̀ ọ́n: ó dà bí ọ̀pẹ kékeré tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, bí ẹ bá sì fọwọ́ kàn án, wéré ló ti sá wọ ihò òkúta. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà. Èérún ẹsẹ̀ tó bá ṣẹ́ kù sára òkúta lè di odidi Aiptasia mìíràn. Kódà bó bá ń rìn fúnra rẹ̀, a máa já èérún sílẹ̀ lẹ́yìn, ìyẹn náà a sì dàgbà. Ẹni tó wá fi ọ̀bẹ, èékánná tàbí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín há a nínú omi tí pọ́ǹpù ń gbé káàkiri, irúgbìn ló ń fún yẹn.

Mo ṣe é rí. Méjì péré ni mo rí nínú táńkì mi àkọ́kọ́. Mo fi èékánná tu wọ́n, inú mi dùn, mo lọ sùn. Kó tó pé oṣù méjì, mo kà á dé ogójì, mo dákẹ́. Aiptasia a máa ta ohunkóhun tó bá múlé tì í, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe pàdánù zoanthid, ìbátan iyùn, tí mo fẹ́ràn jù lọ.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ kọ́kọ́ pa pọ́ǹpù. Ẹ po ìyẹ̀fun kalkwasser (calcium hydroxide) mọ́ omi díẹ̀ kó ki dáadáa, ẹ fà á sínú sírínjì, ẹ dúró kí Aiptasia là tán, kí ẹ wá rọra fi bo ẹnu rẹ̀ láìjẹ́ kí abẹ́rẹ́ gún un. Bó bá ti sá wọlé kí oògùn tó dé, ẹ fi í sílẹ̀ di ọ̀la. Ẹ má ṣe pa púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí kalkwasser a máa gbé pH omi sókè. Bí òkúta bá ṣe é gbé jáde, ẹ gbé e jáde kí ẹ fi òòlù ṣẹ́ ibi tó wà dànù. Èmi ò mọ ọ̀nà tó yá ju ìyẹn lọ.

Àwọn tó fẹ́ kí edé bá wọn jẹ ẹ́ ńkọ́? Lysmata wurdemanni a máa jẹ Aiptasia lóòótọ́, pàápàá àwọn kéékèèké. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, edé mìíràn, Rhynchocinetes durbanensis, ni wọ́n máa ń tà fún yín lórúkọ rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ tó yọ gánńgán, ojú ńlá, àti ìlà àti àmì róbótó kéékèèké funfun láàárín pupa. Iyùn lòun ń jẹ. Mo ti ra mẹ́ta rí láìwò wọ́n dáadáa, wọ́n sì jẹ mí ní gbèsè.

Berghia, ìgbín òkun tí kò ní ìkarahun, dára, àmọ́ ẹ má fi sínú táńkì tí edé Lysmata wà, owó yín ni edé náà á máa jẹ. Aiptasia nìkan ni oúnjẹ Berghia. Tó bá tán, ebi á pa á, nítorí náà ẹ ti wá ẹni tí ẹ ó gbé e fún sílẹ̀.

2. Pípa gbogbo ohun tó bá ń rìn lóru.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú táńkì lóru, ẹ rí aràn onírun, ẹ figbe ta. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, agbálẹ̀ ni wọ́n, àjẹkù ni wọ́n ń jẹ. Bí wọ́n bá pọ̀ jù, oúnjẹ tí ẹ ń dà sómi ló pọ̀ jù. Èyí tó yẹ kí ẹ yọ ni Hermodice carunculata, tó sanra, tó ń jẹ iyùn, tí irun rẹ̀ sì ń ta bí iná. Ẹ má fọwọ́ lásán kàn án. Akàn onírun tí ẹnu ẹ̀mú rẹ̀ dúdú, ẹ yọ ọ́. Ṣùgbọ́n akàn kékeré Trapezia tó ń gbé láàárín ẹ̀ka Pocillopora, ẹ̀ṣọ́ iyùn yẹn ni, nínú òkun ó ń bá ẹja ìràwọ̀ ẹlẹ́gùn-ún jà nítorí rẹ̀. Mo ti fa ọ̀kan yọ pa rí kí n tó mọ̀. Ó ṣì ń dùn mí.

3. Síse òkúta láti pa ohun tó wà lára rẹ̀.

Ẹ má ṣe é láé. Zoanthid àti ìbátan rẹ̀ Palythoa tó bá wà lára òkúta lè ní palytoxin nínú, májèlé tí Moore àti Scheuer ní Hawaii kéde ní 1971. Iná kì í tètè ba májèlé yìí jẹ́, ooru inú ìkòkò ló máa ń gbé e wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ó ti gbé ènìyàn dé ilé ìwòsàn.

Ti ìwẹ̀ oògùn ló kù tó ń bí mi nínú. Ẹ ra iyùn Acropora, ẹ rì í sínú oògùn, aràn pẹlẹbẹ Prosthiostomum acroporae já bọ́, ẹ rò pé ó parí. Oògùn kì í pa ẹyin. Ara egungun iyùn tó ti kú, nísàlẹ̀, ló ń yé e sí. Ẹ gé ìsàlẹ̀ yẹn dànù, kí ẹ tún iyùn náà wẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ nínú táńkì ìyàsọ́tọ̀, fún oṣù kan àbọ̀ ó kéré tán. Táńkì ìyàsọ́tọ̀ kò ju àpótí gíláàsì kékeré, ẹ̀rọ amómigbóná, pọ́ǹpù àti iná díẹ̀ lọ. Ẹni tó sọ pé kò sí àyè fún un á wá àyè fún òkú iyùn.

Aràn pẹlẹbẹ pupa: ẹ fi rọ́bà fa èyí tó pọ̀ jù jáde kí ẹ tó da oògùn sí i, torí májèlé ń jáde lára wọn bí wọ́n bá ń kú, kí èédú tí a fi ń sẹ́ omi àti omi tuntun sì wà nítòsí.

Ìgbín vermetid, tó ń gbé inú ọ̀pá tó lẹ̀ mọ́ òkúta: ẹ ṣẹ́ ọ̀pá rẹ̀, ẹ fi gúlúù dí ihò.

Ìró tó ń dún pa lóru lè jẹ́ edé oníbọn, kì í ṣe edé mantis, apẹran, dandan. Ẹ wò ó kí ẹ tó tú gbogbo òkúta.

Ẹja ìràwọ̀ Asterina: ẹ ṣọ́ ọ lára zoanthid bóyá ó ń jẹ ẹ́, kí ẹ tó dá a lẹ́bi.

Ẹni tó fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi ti gbé òkúta méjì jáde. Aiptasia tó kù lórí èyí tí kò ṣe é gbé jẹ́ méjìlá. Mo ní kó kó ọ̀bẹ náà pamọ́, kó sì fi fọ́tò mìíràn ránṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.