Àròkọ ìdíje: bẹ́ẹ ṣe máa tò ó kẹ́ẹ tó fi ránṣẹ́

Mo kọ àròkọ kan lórí àdìrẹ Ìtòkú, mo fàmì sí gbogbo ẹ̀ pátá, mo gbé e sínú flash ó di bísíńẹ̀ẹ̀sì sẹ́ńtà kan ní Panṣẹ́kẹ́, ìgbà tí wọ́n máa pírìǹtì ẹ̀ jáde, "ẹlẹ́kọ" ti di "□l□k□". Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n máa tilẹ̀kùn ìdíje ọ̀hún o, ni mo bá jókòó tí mò ń fi báírò kọ àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú ewé mẹ́rin.

Kẹ́ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ẹ ka òfin ìdíje yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Tí wọ́n bá ní ọ̀rọ̀ 1,000, ẹ má kọ 1,050. Fọ́ǹtì tí wọ́n bá dárúkọ ni kẹ́ẹ lò, kò báà má wù yín. Tí wọn ò bá sọ nǹkan kan, Times New Roman 12, bébà A4, àlàfo ínṣì kan yíká, ìyẹn 2.54 cm, kí ìlà sì jìnnà síra díẹ̀, 1.5 ti dáa.

Ó wá kan orúkọ. Ọ̀pọ̀ ìdíje ni ò fẹ́ kí adájọ́ mọ ẹni tó kọ ọ́, inú fọ́ọ̀mù lorúkọ ń wà. Àwọn kan á yọ ọ́ lójú ìwé, wọ́n á wá fi orúkọ ara wọn pe fáìlì, àbí irú ọgbọ́n wo nìyẹn? Word náà lè fi orúkọ yín pamọ́ sínú fáìlì: ẹ lọ sí File, Info, Check for Issues, Inspect Document, ẹ yọ ọ́ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àmì àti àkọtọ́ ló gba sùúrù jù. Ẹ mú àkọtọ́ kan, ìyẹn ìlànà sípẹ́lì Yorùbá, kẹ́ẹ dúró tì í, ti 1974 ni tèmi: "ayé" ni, kì í ṣe "aiye". Àmọ́ orúkọ nǹkan àtijọ́, bẹ́ẹ ṣe bá a ni kẹ́ẹ fi í sílẹ̀. Ìwé Ìròhìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ní Abẹ́òkúta wa níbí lọ́dún 1859, ẹ má sọ ọ́ di "Ìròyìn" torí pé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe kọ ọ́ níbòmíì. Mo tún bẹ̀ yín, ẹ má fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ jàre, ìlà yẹn á bo àmì abẹ́ lẹ́tà mọ́lẹ̀, "ọkọ" yín á di "oko" lójú adájọ́. Italics ni kẹ́ẹ lò.

Tẹ́ẹ bá ṣe tán, PDF ni kẹ́ẹ fi pamọ́ sí, àfi tí òfin bá ní Word, torí PDF lè gbé fọ́ǹtì ẹ̀ dání lọ síbi tó bá ń lọ. Kẹ́ẹ wá fi ránṣẹ́ sórí fóònù ẹlòmíì ná. Ti àbúrò mi ni mo máa ń lò, á ṣí i, á ka ìlà mẹ́ta fún mi, tó bá ti pe "ẹlẹ́kọ" dáadáa, mo ti fi ránṣẹ́ nìyẹn.