Hítà RV ń fẹ́ atẹ́gùn tútù lóru lójú ọ̀nà Alaska: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi, ìyàwó mi àtàwọn ọmọ la gbé RV (ọkọ̀ ńlá tó ní ibùsùn àti ilé ìdáná nínú) tá a rẹ́ǹtì kúrò ní Calgary ní Canada, a ti kọjá Dawson Creek níbi tí Alaska Highway ti bẹ̀rẹ̀, a ti ń sún mọ́ Watson Lake báyìí. Hítà ló ń dà wá láàmú. Tá a bá tàn án nírọ̀lẹ́ inú ọkọ̀ á móoru dáadáa, ṣùgbọ́n tó bá ti ń lọ sí aago mẹ́rin ìdájí, atẹ́gùn tútù lá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, nígbà tó bá yá á kú pátápátá. Gáàsì ṣì wà nínú sílíńdà o. Ṣé gáàsì yẹn ló ń dì ni? Ìparí September nìyí, omi tá a bá gbé síta ti ń di yìnyín.

Ìdáhùn: Ẹ kú òtútù o, ẹ sì kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Gáàsì kọ́. Propane ló wà nínú sílíńdà RV, ó ṣì máa ń jáde títí òtútù á fi tó -42°C, kò sì tíì tútù tó bẹ́ẹ̀ rárá níbi tẹ́ ẹ wà. Butane inú agolo kékeré ni kì í fẹ́ jáde mọ́ tó bá ti kù díẹ̀ kó di 0°C.

Bátìrì ni kẹ́ ẹ wò, bátìrì inú ilé o, kì í ṣe ti ẹ́ńjìnì. Gáàsì ló ń jó lóòótọ́ ṣùgbọ́n bátìrì ló ń yí fáànù hítà, inú hítà yẹn sì ní súìṣì kékeré kan tó jẹ́ pé atẹ́gùn fáànù ló ń tẹ̀ ẹ́, tí bátìrì bá ti rẹ̀, fáànù á máa yí ṣùgbọ́n kò ní lágbára tó láti tẹ súìṣì yẹn, gáàsì ò sì ní ṣí, torí wọn ò fẹ́ kí iná jó níbi tí atẹ́gùn ò ti tó. Ìdí tẹ́ ẹ fi ń gbọ́ fáànù tí ẹ ò rí ooru nìyẹn.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Fáànù irú hítà bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ nǹkan bí amp 8. Tó bá fi wákàtí 5 ṣiṣẹ́ nínú wákàtí 10 tẹ́ ẹ fi sùn, 40 amp-hour (bí wọ́n ṣe ń wọn iná tí bátìrì ń gbé) ti lọ nìyẹn. Bátìrì lead-acid (bátìrì oní-ásíìdì) tó jẹ́ 100 amp-hour, ìdajì rẹ̀ ló dáa kéèyàn lò, òtútù sì tún ń jẹ nínú ẹ̀. Ẹ wá fi gílóòbù, pọ́ǹpù omi, fíríìjì àti fóònù tí gbogbo yín ń ṣájì kún un. Aago mẹ́rin ìdájí tẹ́ ẹ sọ yẹn ò yà mí lẹ́nu.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ dájú pé bátìrì ni?

Ìdáhùn: Ẹ tan sítóòfù gáàsì. Tí iná ẹ̀ bá jó geere, gáàsì ń bọ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ẹ sítáàtì mọ́tò, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ díẹ̀ kó lè fún bátìrì ilé níná, kẹ́ ẹ tún tan hítà, tó bá móoru, ọ̀rọ̀ ti parí. Tẹ́ ẹ bá rí mítà táwọn rìwáyà fi ń wọn iná, bátìrì tó kún máa fi nǹkan bí volt 12.6 hàn, tó bá ti di 12.1, ìdajì ti lọ. Ṣùgbọ́n tí fáànù bá ń fẹ́ kíkankíkan, tẹ́ ẹ sì ń gbọ́ ta-ta-ta tí iná ò ràn, ẹ wo ihò tí èéfín ń gbà jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà lè ti dí i.

Ìbéèrè: Kí la máa ṣe lálẹ́ òní? Ibi tá a máa sùn ò ní iná. Ìyàwó mi ní ká kúkú tan sítóòfù sílẹ̀.

Ìdáhùn: Rárá o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Èéfín tó ń pa odindi ìdílé mọ́jú nílé wa tí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀ sí kọ́rídọ̀, òun náà ni sítóòfù lè tú sínú ọkọ̀ tẹ́ ẹ ti ilẹ̀kùn ẹ̀ pa. Álàámù èéfín tó yẹ kó jí yín gan-an, ọ̀pọ̀ ni wọ́n so mọ́ bátìrì ilé kan náà yẹn, tí bátìrì bá ti kú tán, álàámù náà lè má ké. Ẹ lọ ra èyí tó ń lo bátìrì tiẹ̀.

Tí RV yín bá ní jẹnẹrétọ̀, ẹ tàn án fún wákàtí bíi mélòó kan kẹ́ ẹ tó sùn, kẹ́ ẹ pa á kẹ́ ẹ tó dùbúlẹ̀. Ẹ dín hítà kù sí bíi 13°C, ẹ bo ara yín dáadáa, kí àwọn ọmọ wọ ìbọ̀sẹ̀ àti fìlà sùn. Ẹ pa pọ́ǹpù omi. Tó bá jẹ́ bátìrì lithium ni, ẹ má ṣájì í nígbà tí òun fúnra ẹ̀ bá tutù ju 0°C lọ, ó máa ń bà á jẹ́.

Ìbéèrè: A fẹ́ gba ọ̀nà Dempster lọ sí ìlú Inuvik ní àríwá Canada.

Ìdáhùn: Kì í ṣe pẹ̀lú hítà yìí. Òkúta ni ọ̀nà yẹn, ó lé ní kìlómítà 700, tẹ́ ẹ bá ti wọ̀ ọ́, ó di Eagle Plains ní kìlómítà 369 kẹ́ ẹ tó rí epo rà, òkúta ibẹ̀ sì mú débi pé ó ń ya táyà. Ọkọ̀ ojú omi ló máa gbé yín kọjá odò Peel àti Mackenzie, wọ́n sì máa ń dáwọ́ dúró tí yìnyín bá ti ń bo odò. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń rẹ́ǹtì RV ni ò gbà kéèyàn gbé e débẹ̀ rárá, ẹ ka ìwé àdéhùn yín. Tẹ́ ẹ bá dé Whitehorse, ẹ gba ibi tó ní iná fún alẹ́ kan kí bátìrì lè kún, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ ní kí mẹkáníìkì kan fi nǹkan tó ń jẹ iná púpọ̀ dán bátìrì náà wò bóyá ó ṣì ń gbé iná. Tó bá ní ó ti kú, ẹ pe àwọn tó rẹ́ǹtì ọkọ̀ fún yín kẹ́ ẹ tó ra òmíràn, kẹ́ ẹ lè mọ ẹni tó máa san owó ẹ̀.