Fọ́ǹtì Ń Forí Gbárí Lẹ́yìn Tí Mo Fi LibreOffice Sórí Kọ̀ǹpútà

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Agbowó ni mo ti ń tẹ̀wé fáwọn akẹ́kọ̀ọ́. Látìgbà tí mo ti fi LibreOffice, ètò ìtẹ̀wé bíi Word, sórí kọ̀ǹpútà tí Word ti wà tẹ́lẹ̀, àpilẹ̀kọ Yorùbá tí mo tẹ̀ ti dàrú. Àmì ohùn yà kúrò lórí lẹ́tà, ibòmíì di àpótí òfìfo. Ṣé kí n yọ LibreOffice kúrò ni?

Ìdáhùn: Má yọ ọ́, àbúrò mi. Ohun tó o tẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ pérépéré. Bí lẹ́tà ṣe ń hàn ló yí padà. “Ọ” àti “ẹ” ní nọ́ńbà tiwọn nínú Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ṣùgbọ́n “ọ́” tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ kò ní. Kọ̀ǹpútà á mú “ọ”, á wá gbé àmì ohùn lé e lórí, fọ́ǹtì (fáìlì tó ń sọ bí lẹ́tà á ṣe rí) ló sì ń pinnu ibi tí àmì náà máa jókòó sí. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n ṣe á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tí kò ní àmì náà rárá lè gbé àpótí síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì rẹ fi dúró re tí ti Yorùbá sì bàjẹ́.

Tẹ orí ọ̀rọ̀ tó bàjẹ́ nínú LibreOffice, kó o wo orúkọ fọ́ǹtì lókè. Bí wọ́n bá fi lẹ́tà tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ ọ́, fọ́ǹtì yẹn kò sí lórí kọ̀ǹpútà, òmíràn ló dípò rẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀dà méjì ló ṣeé ṣe kó wà: ọ̀kan nínú C:\Windows\Fonts, èkejì nínú AppData\Local\Microsoft\Windows\Fonts. Wo version wọn, ṣe ẹ̀dà èyí tó ti pẹ́ sínú flash, kó o tó yọ ọ́.

Ìbéèrè: Méjì ni lóòótọ́. Mo ti yọ ti àtijọ́, síbẹ̀ kò yí padà.

Ìdáhùn: Pa kọ̀ǹpútà, tún un tàn. Bó bá ṣì ń ṣagídí, ibi tí Windows ń tọ́jú ìrántí fọ́ǹtì sí ló kù. Bí iná bá lọ lójijì nígbà tó ń kọ̀wé síbẹ̀, ó lè bàjẹ́, o sì mọ bí iná ṣe rí n’Ìbàdàn. Ṣí services.msc (ibi tí Windows ti ń ṣàkóso àwọn iṣẹ́ abẹ́nú rẹ̀), dá Windows Font Cache Service dúró, pa àwọn fáìlì inú C:\Windows\ServiceProfiles\LocalService\AppData\Local\FontCache rẹ́, kó o tún kọ̀ǹpútà tàn. Windows á tún un kọ fúnra rẹ̀. Jọ̀ọ́, má fọwọ́ kan Segoe UI; òun ni Windows fi ń kọ ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀.

Ìbéèrè: Ìwé tí oníbàárà tẹ̀ wá látilé ńkọ́? Ojú ewé rẹ̀ ń pọ̀ sí i.

Ìdáhùn: Bí fọ́ǹtì tó fi tẹ̀ ẹ́ kò bá sí lórí kọ̀ǹpútà rẹ, LibreOffice á fi òmíràn dípò rẹ̀: Carlito máa ń dípò Calibri, Caladea ń dípò Cambria, Liberation Serif ń dípò Times New Roman, ìbú lẹ́tà wọn dọ́gba, ìlà kì í sún. Aptos tí Word tuntun ń lò kò sí lára wọn, ìyẹn ló lè mú kí ìlà sún kí ojú ewé sì pọ̀ sí i. Ní kí wọ́n máa mú PDF wá, ìyẹn irú fáìlì tí ìlà rẹ̀ kì í sún.

Ìbéèrè: Èwo wá ni kí n máa fi tẹ Yorùbá?

Ìdáhùn: Gentium Plus tàbí Charis SIL. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n, àmì wa sì ń jókòó dáadáa lórí wọn. Àwọn fọ́ǹtì Yorùbá ayé àtijọ́ tó fi “ẹ” sí ipò àmì mìíràn, má gbà wọ́n lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: bí ìwé náà bá dé orí kọ̀ǹpútà tí kò ní wọn, ẹnikẹ́ni ò ní lè kà á.