Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ "hell" tí ẹsẹ Bíbélì kan ń sọ

Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó fi ẹsẹ Bíbélì dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni pé iná ń dúró dè é, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá iná lẹsẹ yẹn ń sọ lóòótọ́, torí "hell" inú King James, Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 yẹn, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n kó pọ̀ síbẹ̀: Sheol lédè Hébérù, Hades, Gehenna àti Tartarus lédè Gíríìkì. "Hell" fúnra ẹ̀, ibi tó fara sin ló túmọ̀ sí níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ọ̀rọ̀ iná ò tíì wọ̀ ọ́.

Ẹ wá áàpù Bíbélì tó ní nọ́ńbà Strong's, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fún ọ̀rọ̀ Hébérù (H) àti Gíríìkì (G) kọ̀ọ̀kan inú Bíbélì, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ náà, kẹ́ ẹ wo èyí tó máa gbé wá. H7585 ni Sheol, G86 ni Hades, G1067 ni Gehenna. Ti Tartarus ni G5020, ẹ̀ẹ̀kan péré ló wà, ní 2 Pétérù 2:4, ọ̀rọ̀ àwọn áńgẹ́lì tó ṣẹ̀ sì ni.

Tó bá jẹ́ Sheol, tàbí Hades tó dúró fún un lédè Gíríìkì, ibi tí gbogbo òkú ń lọ ni, àtẹni rere àtìkà. Ẹ ka Jẹ́nẹ́sísì 37, wọ́n gbé ẹ̀wù Jósẹ́fù tí wọ́n rì bọ ẹ̀jẹ̀ wá, Jákọ́bù ní òun á ṣọ̀fọ̀ títí òun á fi sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ọmọ òun ní Sheol, ṣé inú iná ni bàbá yẹn fẹ́ lọ bá ọmọ ẹ̀ ni? King James alára fi "grave" síbẹ̀. Bíbélì Yorùbá tiẹ̀ sàn jù ú lọ ní Ìṣe 2:27, ibi tóyìnbó ti ní ọkàn Jésù ò ní kù sí "hell", ipò òkú ni tiwa pè é.

Gehenna niná wà. Àfonífojì Hínómù ni, ó ṣì wà ní gúúsù Jerúsálẹ́mù àtijọ́ dòní, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sun ọmọ rúbọ, Áhásì ọba sun ọmọ tiẹ̀ níbẹ̀, kí Jòsáyà tó wá sọ ibẹ̀ di aláìmọ́. Ẹ̀ẹ̀mejìlá ló wà nínú Májẹ̀mú Tuntun, 11 ẹnu Jésù ló ti jáde. Jahannama táwọn Mùsùlùmí ń pè náà, orúkọ àfonífojì yìí kan náà ni.

Ibi tẹ́ ẹ ti máa rọra ṣe ni Lúùkù 16:23. Hades ni nọ́ńbà yẹn máa gbé wá, síbẹ̀ ọlọ́rọ̀ inú ìtàn Lásárù ń jẹ̀rora nínú iná, tó ń tọrọ omi orí ìka lásán, torí náà ẹ ka ìtàn náà tán látòkè délẹ̀ kẹ́ ẹ tó sọ ohunkóhun nípa ẹ̀.