Yúnífọ́ọ̀mù 12 tí mo rán lásán: bá a ṣe ṣe eré ọkọ̀ 1841 ní Kábà

Ẹ jẹ́ n ti ibi owó bẹ̀rẹ̀ torí òun ló ṣì ń dùn mí. ₦114,000. Owó aṣọ nìkan nìyẹn o, mi ò tíì ka owó mọ́tò tó kó àwọn ọmọ lọ wo odò ní Lọ́kọ́jà, mi ò ka ìrẹsì. Aṣọ ọ̀hún, a ò wọ̀ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Portsmouth ló fà á. Wọ́n kó àwọn ọmọ wọn lọ wo HMS Victory, ọkọ̀ ogun àtijọ́ tí Nelson, ọ̀gá ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, kú sí nínú ogun Trafalgar ní 1805, wọ́n wá fi fídíò ránṣẹ́ sí mi: ọkùnrin kan múra bí ará ayé àtijọ́, àwọn ọmọ ń bi í ní ìbéèrè, ó ń dá wọn lóhùn bí ẹni pé ọdún yẹn la ṣì wà, wọ́n fi fóònù hàn án, ó ní kí nìyẹn. Mo ní ṣé àwa tí Ọya àti Bẹ́núé pàdé nílé wa ò lè ṣe é ni? Ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta, Albert, Wilberforce àti Soudan, ló gòkè wá síbí ní 1841, Àjàyí Crowther sì wà pẹ̀lú wọn!

Kíkọ eré àti ṣíṣa ọmọ ò le, tíṣà ni mí. Ó wá ku aṣọ, yúnífọ́ọ̀mù àwọn atukọ̀.

Télọ̀ náà wà lẹ́yìn ọjà, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ó mọ ara ẹ̀. Mo gbé tẹ́tírọ́ọ̀nù funfun fún un nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sì sanwó tán lọ́wọ́ kan (ẹ ò rí ìwà òmùgọ̀). Ó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dé, ó ní iná ò sí. Mo tún lọ, ó ní "Àǹtí Tíṣà, ẹ fọkàn balẹ̀, ó ku bọ́tìnì nìkan." Mo fọkàn balẹ̀ lóòótọ́, èmi yìí náà, mo tún fún un lówó bẹntiróòlù jẹnẹrétọ̀.

Fúráìdé tí eré ku ọ̀la, mo lọ jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, mo ní kó fi aṣọ tó ku bọ́tìnì hàn mí. Kò wo ojú mi. Ó ki òwú bọ ẹnu, ó lá a, ó ń wá ojú abẹ́rẹ́ bí ẹni pé mi ò sí níbẹ̀. Ni mo bá dìde, mo tú òkìtì aṣọ ẹbí òkú ìyá àgbà kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo ti rí tẹ́tírọ́ọ̀nù mi. Kò tíì gé e! Sísọ́ọ̀sì ò tíì kàn án rárá, bọ́tìnì wo ló wá kù?

Mo pariwo, àwọn ìyá ọlọ́jà wá ń bẹ̀ mí, wọ́n ní bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, àṣé wọ́n mọ̀ tí wọn ò sì sọ fún mi. Mo jókòó tì í títí aago 11 alẹ́, ẹ̀fọn jẹ mí bó ṣe jẹ àwọn òyìnbó 1841. Ó rán an tán. Kí n má purọ́, ó rẹwà, kọ́là gbalaja lẹ́yìn, ọ̀já dúdú lọ́rùn, gbogbo ẹ̀ dọ́gba.

Àárọ̀ Sátidé, bàbá àdúgbò wa kan tó fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ Navy wá wò wá. Bí wọ́n ṣe rí àwọn ọmọ, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ta ló fún àwọn wọ̀nyí ní yúnífọ́ọ̀mù? Àwọn ọ̀gá ló ti ní i láti 1748. Àwọn tó ń fa okùn, 1857 ni ìjọba tó ṣe tiwọn. Ní 1841, oríṣiríṣi lẹ́ ẹ máa rí lọ́rùn wọn."

Mo kàn jókòó sílẹ̀ ni.

Nígbà tí mo dìde, mo ní káwọn ọmọ bọ́ ọ, kí wọ́n sáré lọ kó ṣẹ́ẹ̀tì àlòkù bàbá wọn wá, kí wọ́n so ìdikù mọ́rùn, kí wọ́n bọ́ bàtà. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo ẹ̀, ó sì jọ ọ́ ju ti télọ̀ lọ, ìyẹn gan-an ló tún bí mi nínú.

Ṣùgbọ́n eré yẹn, ah! Àwọn òyìnbó ọjọ́un gbà pé afẹ́fẹ́ burúkú ló ń fa ibà, wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ọkọ̀, ó sì lé ní 40 nínú wọn tó kú. Bí dókítà wa ṣe ń yí ẹ̀rọ ẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn ń ké "ẹ̀fọn ni! ẹ̀fọn ni!", ó yíjú sí wọn, ó ní "Ẹ̀fọn? Kí ló kàn án?", ó ń yí i lọ.

Crowther wa ló bà mí lẹ́rù jù. Nígbà ìdánrawò, wọ́n pè é ní bíṣọ́ọ̀bù, ó jẹ́ "sà", bẹ́ẹ̀ 1864 ló tó jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ eré, ọmọdébìnrin kan nawọ́, ó ní "Màmá yín ńkọ́, sà?" Ọmọ náà dákẹ́. Ó ní "20 ọdún rèé tí wọ́n ti kó wa l'Óṣogùn. Ọkọ̀ ogun Myrmidon gbà mí sílẹ̀ lójú òkun ní 1822. Màmá mi, mi ò tíì fojú kàn wọ́n." Pin-in. Ó mọ̀ pé wọ́n padà rí ara wọn ní 1846 l'Ábẹ́òkúta, èmi ni mo kọ́ ọ, kò sì jẹ́ kó bọ́ lẹ́nu ẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀, ẹ wá ẹni tó mọ ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó wá télọ̀, kẹ́ ẹ sì san ìdajì owó. Yúnífọ́ọ̀mù mi wà nínú Ghana-must-go lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, 12 pé, bọ́tìnì ò yẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe eré 1857, ₦60,000, mi ò gba àwìn.