Bí a ṣe ń ṣe gòjé nílé wa

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe gòjé, ohun èlò orin olókùn kan tí à ń fi ọrun fà kó tó dún, ẹ má tíì ronú nípa okùn. Awọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, torí ara awọ ni ohùn gòjé wà.

Awọ awọ́nríwọ́n la mọ̀ nílé wa l'Abẹ́òkúta. Bàbá bàbá mi kì í lo awọ ewúrẹ́, bàbá mi ò lò ó, èmi náà ò jẹ́ lò ó. Ó nípọn jù, ohùn rẹ̀ á dà bíi tẹni tí ọ̀fìnkìn ń yọ lẹ́nu.

Ẹ wá igbá tó gbó dáadáa, kí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó ínǹṣì 10. Ẹ là á sí méjì, ẹ fá inú rẹ̀ títí á fi dán. Ẹ lu ihò méjì tó kọjú síra sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ọ̀pá tó máa jẹ́ ọrùn gòjé lè gba inú rẹ̀ kọjá, kó sì yọ díẹ̀ nísàlẹ̀.

Ẹ rẹ awọ sómi di ọjọ́ kejì, ẹ fi ọ̀bẹ ha ẹran tó kù lára rẹ̀. Bó ṣe tutù bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ lé ẹnu igbá, kí ìpẹ́ rẹ̀ kọjú síta, ẹ fi ìṣó kéékèèké kàn án. Tẹ́ ẹ bá kan ọ̀kan níhìn-ín, òdìkejì rẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ kan èkejì sí, kó má baà wọ́ sápá kan.

Abẹ́ òjìji ló ti ń gbẹ o. Lọ́dún tí bàbá mi kọ́kọ́ jẹ́ kí n dá iṣẹ́ ṣe, ìkómọ kan ku ọ̀la, ni mo bá gbé gòjé sóòrùn kó lè yá. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, awọ ti ya láti etí dé àárín. Bàbá mi ò bú mi. Ó ní kí n gbé e tọ olórin lọ fúnra mi, kí n lọ ṣàlàyé. Ojú tí ọkùnrin yẹn fi wò mí ò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ọjọ́ mẹ́ta ni awọ fi ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, márùn-ún sí méje nígbà òjò. Ẹ fi ìka ta á: tó bá ṣì ń dún "bù", ó dìgbà; tó bá dún "pón", ó ti gbẹ.

Ẹ wá fi irin gbígbóná dá ihò tó gba àtàǹpàkò sára awọ, lẹ́bàá etí, kì í ṣe láàárín.

Okùn rẹ̀, irun ìrù ẹṣin ni. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ẹṣin n'Ílọrin ni mo ti ń rà á. Ti akọ ni kẹ́ ẹ bèèrè, torí ìtọ̀ abo máa ń ta sí ìrù rẹ̀, irun náà kì í sì í lágbára. Ẹ kó o jọ kó nípọn tó ẹyọ ìgbálẹ̀ méjì, ẹ má lọ́ ọ. Àwọn kan ti ń lo okùn ìpẹja báyìí. Ó ń pẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í sunkún. Ẹni tó bá ti gbọ́ gòjé nínú sákárà Yusuf Ọlátúnjí, Bàbá L'Ẹ́gbàá, mọ ẹkún tí mò ń wí.

Ẹ so ìdí okùn mọ́ ọ̀pá nísàlẹ̀, ẹ fi awọ tẹ́ẹ́rẹ́ di orí rẹ̀ mọ́ ọ̀pá lókè. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ yìí lẹ ó máa tì sókè sódò láti tún ohùn ṣe. Ẹ gbé igi ẹlẹ́sẹ̀ méjì sábẹ́ okùn, láàárín awọ. Àwọn Háúsá, tí gòjé ti ọ̀dọ̀ wọn wá bá wa, ń pè é ní jàkí, ìyẹn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Orúkọ náà yẹ ẹ́, òun ló ru okùn.

Ti ọrun tí a fi ń fa okùn ò le: ẹ tẹ igi tútù, ẹ fi irun kan náà dè é létí méjèèjì, ẹ wá fi oje igi tó ti gbẹ pa irun náà. Láìsí oje, ẹ ò bá fà á di ọ̀la, kò ní dún.

Ohùn àkọ́kọ́ máa ń há. Ẹ má tíì fọwọ́ kan awọ tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ tún oje pa, ẹ fà á fúngbà díẹ̀ kí jàkí lè jókòó dáadáa, kẹ́ ẹ tó ránṣẹ́ pe olórin.