Kí Ẹ Tó Ṣí Ìwé, Ẹ Wo Àwọn Òṣìṣẹ́: Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ìdarí Èèyàn Níbi Iṣẹ́

Ilé búrẹ́dì kan n'Íbàdàn ni mo ti jẹ́ sùpáfáísọ̀. Nírọ̀lẹ́, mo máa ń ran àwọn tó ń kọ́ nípa ìṣàkóso òṣìṣẹ́ lọ́wọ́. Àwọn kan wà ní poli, àwọn kan ń múra ìdánwò CIPM, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ iṣẹ́ yìí tí òfin ọdún 1992 gbé kalẹ̀. Àwọn mìíràn ò ní ìdánwò kankan í ṣe. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi wọ́n ṣe ọ̀gá ni, wọn ò sì mọ ibi tí wọn ó ti mú un. Ọ̀rọ̀ kan náà ni mò ń sọ fún gbogbo wọn: ẹ má tíì há ìtumọ̀ kankan sórí. Ẹ wá ibi tí èèyàn bíi márùn-ún sí mẹ́wàá ti jọ ń ṣiṣẹ́, kí ẹ kọ́kọ́ wò wọ́n dáadáa.

Kò dìgbà tó bá jẹ́ báńkì. Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ dára, ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò náà dára. Ẹ lọ bá ọ̀gá ibẹ̀, ẹ sọ ohun tí ẹ ń wá fún un láìfi nǹkan kan pa mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn pé kì í ṣe ọ̀gá ló rán yín. Bí wọ́n bá fi lè rò pé amí ni yín, àṣehàn nìkan ni ẹ máa rí.

Ohun tí ojú yín rí àti ohun tí etí yín gbọ́ ni kí ẹ kọ sílẹ̀. "Ọ̀lẹ ni" kì í ṣe ohun tí ojú rí. "Ó jókòó títí ẹlòmíràn fi kó páànù tán" ni ojú rí. Ìgbà tí ṣíífìtì bá ń pààrọ̀ ni kí ẹ tètè wà níbẹ̀, torí ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ máa ń tú síta. Lọ́dọ̀ wa, àwọn tó ṣiṣẹ́ mọ́jú ló ń fi iṣẹ́ lé àwọn ti òwúrọ̀ lọ́wọ́. Ká ní búrẹ́dì jáde láìwú dáadáa, ẹni tó wà nídìí ààrò á ní ìyẹ̀fun ni wọn ò pò bó ṣe yẹ. Ẹni tó pò ó á ní yíìsì ló pẹ́ kó tó dé. Ẹni tó lọ ra yíìsì wá, tó kéré jù lọ níbẹ̀, kò ní fọhùn rárá. Á kàn mú ìgbálẹ̀, á máa gbálẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé kò fọhùn. Ẹ kọ ọ́ pé ó ń gbálẹ̀.

Ìgbà yìí lẹ tó lè ṣí ìwé, kí ẹ sì mọ̀ pé iyàn ni àwọn tó kọ ọ́ ń bá ara wọn jà. Frederick Taylor, ọmọ Amẹ́ríkà tó kú ní 1915, gbà pé ọ̀nà kan wà tó dára jù láti ṣe iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, pé kí wọ́n fi aago wọn iṣẹ́, kí owó sì bá iye tí ọwọ́ ṣe mu. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ìwádìí Hawthorne, lórí ohun tó ń mú kí ọwọ́ òṣìṣẹ́ yá, wáyé nílé iṣẹ́ Western Electric tó ń jẹ́ Hawthorne ní Cicero, lẹ́bàá Chicago, láti 1924 sí 1932. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ pẹ́ sí.

Ìtàn iná ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń há: wọ́n fi kún iná tó ń tàn níbi iṣẹ́, iṣẹ́ yá, wọ́n dín in kù, iṣẹ́ tún yá, wọ́n ní torí pé ẹnì kan ń wo àwọn òṣìṣẹ́ ni. Ẹ má dúró síbẹ̀. Ní 1927, wọ́n kó obìnrin márùn-ún tó ń to ẹ̀yà ẹ̀rọ tẹlifóònù sínú yàrá kan, wọ́n ń yí àkókò ìsinmi wọn padà, iṣẹ́ wọn sì ń pọ̀ sí i. Àmọ́ nígbà tó yá, wọ́n yọ méjì nínú wọn, wọ́n ní ọ̀rọ̀ wọn ti pọ̀ jù, wọ́n sì fi ẹlòmíràn rọ́pò wọn. Owó wọn náà ti yí padà: iṣẹ́ tí àwọn díẹ̀ yẹn jọ ṣe ló ń pinnu rẹ̀, kì í ṣe ti èrò rẹpẹtẹ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣé bí wọ́n ṣe ń wò wọ́n ló mú ọwọ́ wọn yá, àbí owó, àbí ẹ̀rù pé wọ́n lè yọ àwọn náà? Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń béèrè èyí ti kúrò ní ẹni tó ń há nǹkan sórí.

Yàrá mìíràn tún wà, tí ọkùnrin mẹ́rìnlá ti ń so wáyà ní 1931 sí 1932. Wọ́n ti fẹnu kò lórí iye iṣẹ́ tó tó fún ọjọ́ kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá ṣe jù bẹ́ẹ̀ lè gbowó sí i. Ẹni tó bá ń sáré jù, wọ́n á kàn án lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lápá. Ẹni tó bá lọ tú wọn fó létí ọ̀gá, ó tán láàárín wọn. Mo mọ irú èyí. Àwọn tó ń fi búrẹ́dì sínú ọ̀rá lọ́dọ̀ wa ní iye tí wọ́n jọ mọ̀. Bí ọmọ tuntun bá fẹ́ fi ara rẹ̀ hàn, ẹnì kan á rọra bi í pé, "Ṣé ìwọ nìkan lo wá ṣiṣẹ́ ni?" Kò ní pariwo. Ọmọ náà á dẹwọ́. Ẹni tó bá ti gbọ́ ohùn yẹn rí á mọ ohun tó ń ṣe àwọn ará Cicero: wọ́n ń bẹ̀rù pé bí iṣẹ́ bá pọ̀ jù, ọ̀gá á dín owó kù, tàbí á dá àwọn kan dúró, nígbà tí iṣẹ́ sì wọ́n gógó nílùú.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ka Amy Edmondson, olùwádìí ará Amẹ́ríkà. Nínú ìwádìí rẹ̀ tó jáde ní 1996, ó wo àṣìṣe oògùn nílé ìwòsàn, ó sì retí pé àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí àjọṣe wọn dán mọ́rán ni àṣìṣe wọn máa kéré jù. Òdìkejì ló bá: àṣìṣe tó wà nínú àkọsílẹ̀ wọn ló pọ̀ jù. Ìdí tó rí ni pé ẹ̀rù ò ba àwọn yẹn láti sọ ọ́ jáde; àwọn tó kù ń bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ padà sídìí ọmọ tó ń gbálẹ̀ yẹn, kí ẹ bi ara yín léèrè ohun tó máa ná an bó bá sọ pé òun ló pẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ni ìwé wọn ò fi bẹ́ẹ̀ sọ fún wa. Bàbá tó wà nídìí ààrò wa lè bí mi lọ́mọ, èmi sì ni sùpáfáísọ̀ wọn. N ò lè pè wọ́n lórúkọ, n ò sì ní bá wọn wí lójú àwọn ọmọ. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo apá ibí yìí, ó jọ pé iná ń pọ̀ jù níbẹ̀." Àṣẹ ni, àwọn náà sì mọ̀ pé àṣẹ ni. Bí ọ̀rọ̀ bá le ju bẹ́ẹ̀ lọ, kọ̀rọ̀ la ti ń sọ ọ́, mo sì ń sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Ẹ fetí sí bí ọ̀gá tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré ṣe ń sọ̀rọ̀ níbi tí ẹ ti ń wòran, kí ẹ kọ gbólóhùn rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gan-an.

Bí ẹ bá ní àgbà tó ti ṣiṣẹ́ oko rí, ẹ bi wọ́n nípa àáró àti ọ̀wẹ̀. Nínú àáró, àwọn tí agbára wọn dọ́gba ló ń yípo oko ara wọn, ọjọ́ tí o fún mi ni màá san padà. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹnì kan ló pe èèyàn sí iṣẹ́ tirẹ̀, ó sì ń fún wọn lóúnjẹ. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tó gba àáró tí kò san. Ìdáhùn wọn á wúlò fún yín tí ẹ bá ń kọ nípa ẹgbẹ́ tí kò ní ọ̀gá.

Ẹ má fo òfin. Labour Act Nàìjíríà ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tó sọ àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ wò ó bóyá àwọn tí ẹ ń wò ní in.

Kí ẹ tó fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ fún olùkọ́, ẹ ka apá tó kan àwọn òṣìṣẹ́ yẹn sí wọn létí, kí ẹ yọ orúkọ wọn kúrò. Bí ẹnì kan bá ní, "Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ṣe rí," ẹ kọ tirẹ̀ sábẹ́ tiyín, kí ẹ fi méjèèjì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.